Eré Tí Wọ́n Sá Lẹ́ẹ̀mẹta

Mi ò lọ síbi eré ìdárayá ìlú mọ́. Ẹni tó bá wá pè mí, màá ní iṣẹ́ wà lórí máṣíìnì, torí aránṣọ ni mí ní Ìnísà, iṣẹ́ kì í sì í tán lórí máṣíìnì. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé nǹkan náà rí mi lára. Bí mo bá ti gbọ́ tí wọ́n ń fi máìkì pariwo pé ìlú fẹ́ bá ìlú díje, ṣe ni ẹnu mi máa ń korò.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ó ku ọdún kan kí ọmọbìnrin mi jáde níléèwé girama. Eré tí wọ́n ń sá yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì ni tiẹ̀. Àwa ará Ìnísà, Ìkìrun, Òkukù àti Igbaye la jọ fẹ́ díje, wọ́n sì ní ẹni tó bá gbégbá orókè ló máa ṣojú gbogbo wa ní Òṣogbo, níbi táwọn tó ń kọ́ eléré ti máa ń ṣa ọmọ tí wọ́n fẹ́ tọ́jú. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́. Ojoojúmọ́ lọmọ yìí ń sáré lọ sójú ọ̀nà Òkukù kí bọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Bí mo bá ní kó sinmi, á ní, "Mọ́mì, tí mo bá dé Òṣogbo ni màá sinmi."

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ṣètò eré náà, ṣùgbọ́n olóṣèlú kan tó ń wá ipò ló ra jẹ́sì, ó ra ife-ẹ̀yẹ, ó ra fèrè. Kò tíì dé ipò kankan o, àmọ́ Ọnọ́rébù ni gbogbo ayé ń pè é. Àwòrán ojú ẹ̀ wà láyà gbogbo jẹ́sì, ọmọ mi wá gbé e sáyà bí ẹni tó bá a tan. Kàkà kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, wọ́n ní ká dúró de Ọnọ́rébù. Ìyá mi sọ fún mi rí pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa ń to àwọn sórí pápá láyé òyìnbó, tí wọ́n á máa dúró de ajẹ́lẹ̀ kó wá wo eré ọmọ iléèwé. Òyìnbó ti lọ, ìdúró ò bá a lọ. A dúró títí oòrùn fi kàtàrí.

Nígbà tó yá, àwọn àgbà tó wà lábẹ́ kánópì ní kí wọ́n kúkú máa sá a. Olùkọ́ eré ìdárayá iléèwé ọmọ mi, ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sáré, òun ló fun fèrè. Kí wọ́n tó parí ìyípo kejì, ọmọ mi ti fi gbogbo wọn sílẹ̀. Ọmọ Ìkìrun kan ló tẹ̀ lé e, ọ̀nà sì jìn sí i. Mo kígbe, mo fò, gèlè mi já bọ́. Tíṣà gbé ọwọ́ ọmọ mi sókè kí gbogbo èèyàn rí i.

Kò tíì rí omi mu tí Ọnọ́rébù fi dé. Orí pápá gan-an ni wọ́n wa àwọn mọ́tò wọn gbà, táyà pa gbogbo ìlà ẹfun rẹ́. Ẹ sì mọ bá a ṣe máa ń ṣe: bí ẹni ńlá bá pẹ́ dé, a ò ní sọ pé ó pẹ́, a ó tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Pásítọ̀ tún àdúrà gbà, àfáà náà tún un gbà, a tún orin orílẹ̀-èdè kọ, wọ́n tún gbogbo èèyàn kí látorí aṣojú ọba dórí ẹni tó to àga. Ìyẹn ò dùn mí, ó ti mọ́ wa lára. Àfi bí alága ètò ṣe gbé máìkì, tó ní, "Ẹ̀yin ọmọ eléré, ẹ padà sórí ìlà. Ọnọ́rébù wa ò rí yín. Ẹ tún un sá fún wọn."

Mo rò pé àwàdà ni. Mo wojú àwọn èèyàn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá tíṣà.

"Tíṣà, ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ gbé ọwọ́ ọmọ yìí sókè?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù sí i. Àwọn ni wọ́n ra fèrè ọrùn mi yìí."

Kò wojú mi. Ó kó mi nírìíra, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ mi tún un sá, ó tún gba ipò kìíní, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ṣe ni àyà ẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ọnọ́rébù ńkọ́? Fóònù dún, ó kọ̀yìn sí pápá, ó ń dáhùn. Ayafótò tó mú wá, ìdí ìrẹsì tí wọ́n ń pín ló wà. Ni alága ètò bá tún gbé máìkì: Ọnọ́rébù ò rí òpin ẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe é kó gún, ẹ̀ẹ̀kan sí i péré. Ọmọ Ìkìrun yẹn ń bì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Wọ́n ní kó lọ jókòó, wọ́n sì fi ọmọ mìíràn dípò ẹ̀, èyí tó sọ̀ kalẹ̀ látinú ọ̀kan lára mọ́tò Ọnọ́rébù, tí òógùn ò tíì kan jẹ́sì ẹ̀. Mi ò bínú sí ọmọ náà. Wọ́n ní kó bọ́ síta, ó bọ́ síta.

Mo di ọwọ́ ọmọ tèmi mú. "Má sá a."

"Mọ́mì, tí mi ò bá sá a, wọ́n á ní èmi ni mo yọ ara mi."

Ó sá a. Ó ṣáájú títí wọ́n fi wọ ìyípo kejì, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ tó kọ̀ ọ́. Wọ́n ń yà á sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú mi. Ipò kẹrin ló gbà. Ọnọ́rébù dìde dúró, ó ń pariwo pé ojú òun ló ṣe, kò sí màgòmágó kankan níbẹ̀. Tíṣà gbé ọwọ́ ọmọ tó ti inú mọ́tò jáde sókè, gbogbo pápá sì pàtẹ́wọ́.

Ìpàtẹ́wọ́ yẹn ni mi ò lè gbé mì dòní. Olóṣèlú ni olóṣèlú, kò jẹ mí ní nǹkan kan. Àmọ́ àwọn èèyàn tí mò ń ránṣọ fún, tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n fojú ara wọn rí ọmọ mi tó borí lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ wọn ń ró gbà-gbà-gbà, ìrẹsì wà lórí itan wọn. Màmá kan nínú wọn ní kí n mú sùúrù, sùúrù ni baba ìwà. Mo ní kí wọ́n gbé baba ìwà náà lọ fún ọmọ tiwọn.

Mo gbá ìró mi mọ́dìí. Mo ti pinnu pé màá gba máìkì yẹn lọ́wọ́ alága ètò, kí n sọ ohun tó wà nínú mi fún gbogbo wọn, kí ó di ìjà bó bá fẹ́ dìjà. Bí mo ṣe gbéra ni sáyírínì bẹ̀rẹ̀ sí í han lójú ọ̀nà Ìkìrun. Ẹni ńlá mìíràn ló ń bọ̀, ẹni tó ju Ọnọ́rébù lọ. Gbogbo kánópì dìde. Alága ètò ń nu ẹnu, ó ń wá máìkì.

Ọmọ mi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ mi mú.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé kí wọ́n tó ní ká tún un sá."