Ikú Ló Tú Bàbá Sturgess Sílẹ̀

Bàbá Wilfred Sturgess kú ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lórí àga rẹ̀, pẹ̀lú ife tíì tó ti tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aláìṣẹ̀ ni. Kì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́, òfin tí àwọn baba ńlá wa fi lé wa lọ́wọ́ láti ìran dé ìran: ẹni tí a kò bá tíì dá lẹ́bi, aláìṣẹ̀ ni. Fún ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi kà á léèwọ̀ fún un láti fẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa, Kettlesby, aláìṣẹ̀ ni. Nígbà tí kò lè lọ tu koríko lórí ibojì ìyàwó rẹ̀, aláìṣẹ̀ náà ni. Mi ò tíì rí aláìṣẹ̀ tó jìyà tó bẹ́ẹ̀.

Káfíńtà ni Bàbá Wilf kó tó fẹ̀yìn tì. Òun sì ni olórí àwa tí à ń fa okùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Agogo kẹrin ni tèmi, òun ló sì kọ́ mi. Mo máa ń fà á bí ẹni tó ń bá màlúù jìjàkadì, òun á sì dúró tì mí, á mi orí. "Rọra," ló máa ń sọ. "Agogo yẹn dàgbà jù ọ́ lọ. Bẹ̀ ẹ́, má pàṣẹ fún un." Tí a bá lù ú dáadáa, kì í yìn wá. Á kàn bọ́ fìlà rẹ̀, á ní ká máa lọ sílé ọtí. Bí mo ṣe mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Crispin Vaisey ra ilé àlùfáà àtijọ́, ilé tó fara ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tó kó ẹrù wọlé tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ní agogo. Ó fi ẹjọ́ ariwo sùn, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nígbà ìwọ́wé, òjò ti rọ̀, ó lọ dènà de Bàbá Wilf ní ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ le díẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Vaisey ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dá. Ó ní Bàbá Wilf ló ti òun. Bàbá Wilf ní ewé tútù ló gbé e ṣubú. Ìyá Enid Lovatt, tó dúró de bọ́ọ̀sì ní òdìkejì títì, rí gbogbo rẹ̀, ó sì sọ fún ọlọ́pàá láìwo ojú ẹnikẹ́ni pé, "Kò fọwọ́ kàn án. Ṣe ni ọkùnrin yẹn ń fò sókè sódò bí ọmọdé, ló bá yọ̀."

Ìwọ tí ò ń ka èyí, ìbá ti rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá fẹ̀sùn kàn án, wọ́n sì fún un ní béèlì pẹ̀lú àdéhùn pé kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ibẹ̀ ni ilé Ọ̀gbẹ́ni Vaisey wà.

Lọ́yà gbà á nímọ̀ràn pé kó gbà pé òun jẹ̀bi níwájú májísíréètì, kó gba ìbáwí díẹ̀, kí ó tó di Kérésìmesì yóò ti parí. Mo wà ní pálọ̀ wọn ní ọjọ́ tí Judith, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ń bẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, ẹ ṣáà gbà pé ẹ tì í díẹ̀. Ká sinmi."

"Díẹ̀ báwo? Ṣé ìka kan ni mo fi tì í?"

"Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n. O ní kí n parọ́ kí n lè sùn. Èèyàn méjìlá ni mo fẹ́, Judith, kí wọ́n jókòó ní kóòtù, kí wọ́n dá mi lẹ́jọ́. Àwọn tó ń ra búrẹ́dì níbi tí mo ti ń rà á. Tí àwọn yẹn bá ní mo ṣe é, a jẹ́ pé mo ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá Vaisey fi ẹnu ara mi ba orúkọ ara mi jẹ́."

"Yóò pẹ́, Bàbá."

"Kó pẹ́. Ẹ̀tọ́ mi ni. Ìwọ lọ gbé omi kaná."

Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, àṣìṣe tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè ṣe: wọ́n sọ fún un pé ó ní ẹ̀tọ́, ó sì gbà wọ́n gbọ́. Ó to orí ìlà, ó ń dúró, kò ráhùn. Bí o bá bi í pé báwo ni nǹkan, yóò ní kò burú. Àwa yìí ń fi ìlà títò yangàn, àfi bí ẹni pé ẹni tó bá ti tò ó ti dé ibi tó ń lọ.

Ẹ̀yin ọmọlúàbí, ó lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún tí àwọn ìjòyè ti ká ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ pápá létí odò, tí wọ́n mú un jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní ta ìdájọ́ òdodo, òun kò ní fi du ẹnikẹ́ni, òun kò sì ní fi falẹ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń pa ẹ̀jẹ́ náà mọ́. Kò sẹ́ni tó ta ìdájọ́ fún Bàbá Wilf. Kò sẹ́ni tó fi dù ú. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sún ẹjọ́ síwájú nítorí òrùlé kóòtù ń jò. Nígbà mìíràn, adájọ́ wà, lọ́yà ìjọba kò sí. Nígbà tí lọ́yà ìjọba dé, yàrá kò sí. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ sí ibojì Dorothy, ìyàwó rẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù péré. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó dára ni, àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò ní ìjókòó tó ń bọ̀. Wọ́n sún ìjókòó náà síwájú.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, òtítọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ gba ọjọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù.

Ìyá Enid kò lè dúró de ọjọ́ yẹn. Ní ọdún kẹta ó gbé àkàrà òyìnbó wá kí Bàbá Wilf, ó sì bi í pé, "Dorothy ńkọ́? Ṣé ara wọn ti yá?" Dorothy ti kú tipẹ́, Ìyá Enid sì wà níbi ìsìnkú. Bàbá Wilf ní, "Wọ́n wà dáadáa, wọ́n ń kí yín." Ó gé àkàrà náà, ó fún un ní èyí tó tóbi. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó ní ló jókòó síwájú rẹ̀ yẹn, tó ń béèrè òkú.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí a bá ń fi agogo dánra wò, yóò lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó wà ní ìkọjá afárá, níbi tí òfin gbà á láyè dé, á máa gbọ́ wa láti òkèèrè. Bí mo bá dé ilé ọtí, fóònù mi á dún. "Ta ló wà nídìí ìkẹrin? Ṣé ó ti sùn ni?" Èmi á ní èmi ni, Bàbá. "Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́." Ọkàn mi á bàjẹ́, mi ò ní jẹ́ kó mọ̀.

Nígbà tó kú, Judith pe kóòtù. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù mọ̀wàá hù.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ bá wa fi ìwé ẹ̀rí ikú ránṣẹ́, ká lè pa ẹjọ́ náà dé."

"Ta ni yóò wá sọ pé Bàbá mi ò ṣe é?"

"Ẹjọ́ náà ti parí, mà."

"Mi ò bi yín bóyá ó ti parí. Mo ní, ta ni yóò sọ ọ́?"

"Kò síbi tí wọ́n ti máa ń sọ ìyẹn, mà."

Òótọ́ ló sọ. Olùjẹ́jọ́ kú, ẹjọ́ kú. Wọn kò dá a lẹ́bi, wọn kò dá a láre. Àwọn méjìlá tó ń retí kò jókòó rárá.

Ní ọjọ́ Ẹtì a gbé e gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Ọlọ́pàá kankan kò dá pósí náà dúró, nítorí pé béèlì ti tán. A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dorothy. Bí àṣà wa, a fi awọ di ẹ̀gbẹ́ kan ahọ́n agogo kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé ìró kan á dún ketekete, èyí tó tẹ̀ lé e á jáde bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú yàrá kejì. Lẹ́yìn ìsìnkú, a máa ń tú awọ náà.

A kò tú u. Àwa máràárùn tó kù ti fẹnu kò. Mo gbọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Vaisey ń sọ fún àwọn èèyàn pé ariwo ti dínkù, inú òun dùn. Kí Ọlọ́run fi ìdùnnú kún un.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mò ń bá wí jókòó jìnnà sí Kettlesby. Ìwọ mínísítà tí ìdájọ́ wà níkàáwọ́ rẹ, sọ fún wa ní gbangba: ta ló sún ẹjọ́ yìí síwájú, ta ló jókòó lé ẹ̀bẹ̀ ọkùnrin tó fẹ́ kí ibojì ìyàwó rẹ̀, ta sì ni yóò dáhùn fún un? Kí ẹnì kan tó ní àṣẹ wá dúró ní ẹnu géètì tí ewé ti ń yọ̀ yẹn, kó pariwo rẹ̀ kí Judith gbọ́, pé wọn kò fi ìdí ẹ̀ṣẹ̀ kankan múlẹ̀ lórí Wilfred Sturgess. Ọjọ́ náà ni a óò tú awọ. A kò ní sún un síwájú.