Ọjọ́ Tí Ọ̀rọ̀ Kan Oògùn Àbúrò Mi

Èmi ni aṣojú ará ìlú nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn kan l'Ókìtìpupa, tó ń pinnu bóyá kí wọ́n dán oògùn tuntun wò lára aláìsàn. Àbúrò mi, dókítà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tó kan oògùn tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ dán wò, ṣe ló tún jókòó láti bá wa pinnu lórí rẹ̀.

Inú bí mi. Ní Erinje tí wọ́n ti tọ́ wa, bí ẹjọ́ ààlà oko bá délẹ̀, ẹni tọ́rọ̀ kàn, tòun tẹbí rẹ̀ ló ń bọ́ síta.

Mo gbé báàgì mi. Mo ní, “Dìde, àwa méjèèjì ń jáde ni.”

Ó ń kùn tẹ̀lé mi: “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló máa wá gbèjà wa?”

“Ṣé àwa la máa gbé oògùn náà mì ni, tí wọ́n á fi gbèjà wa?”