Ọwọ́ Tó Ń Gbé Ìjẹ Sọ́fìn Ìmàdò

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìmàdò gọ̀, ẹ bi í bóyá ó ti gbin ẹ̀gẹ́ rí. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni, àmọ́ kò jọ ẹlẹ́dẹ̀ ilé rárá. Tọkọtaya àtọmọ ni wọ́n fi ń wá, wọn a tú ebè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni pé a bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Ní abúlé wa lẹ́yìn Ìlọrin, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, ọdún méjì tẹ̀léra ni wọ́n fi jẹ ẹ̀gẹ́ mi tán. Inú bí mi débi pé mo ń ṣẹ́ èpè fún wọn lórí ẹní ìrun.

Mùsùlùmí ni gbogbo wa lábúlé. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ ọ̀fìn tó jìn ju ènìyàn lọ sẹ́bàá oko, wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti koríko bò ó lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìmàdò ń gbà kọjá. Ọdẹ kan tó ń re ọ̀nà tirẹ̀ ló sọ fún wa pé ọ̀fìn tí kò ní ìjẹ, ihò lásán ni. Ó ní kò sí ìjẹ tó tó èérí bùrùkùtù, ìyẹn ọkà bàbà tí wọ́n ti pọn ọtí lára rẹ̀ tán. Pé òórùn rẹ̀ nìkan á pè wọ́n wá láti igbó kejì. Gbogbo ọkùnrin wolẹ̀. Ọtí jẹ́ hàráámù, ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ hàráámù, ta ni yóò fi ọwọ́ kan ṣoṣo kó méjèèjì?

Èmi ni mo dá wọn lóhùn. Mo ní ìyàwó ilé wa ń bẹ níbẹ̀.

Èmi ni ìyálé. Mo ti lo ọdún méjìlá nílé ọkọ láìbímọ kí ọkọ mi tó fẹ́ ìyàwó yìí, ọmọ apá Ọ̀mù-Àrán, onígbàgbọ́ tó gba Ìsìláàmù nítorí ìgbéyàwó. Ọdún kan péré ló lò tó fi bí ọmọbìnrin. Mi ò ní purọ́ fún ẹni tó ń ka ìwé yìí: mo kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra ẹ̀rín rẹ̀, mo sì kórìíra bó ṣe ń tètè jí kírun jù mí lọ. Bàbá rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ọ̀fìn rí, òun náà sì mọ̀ ọ́n, nítorí náà nígbà tí ọkọ wa ní kó gbé ìjẹ náà, kò kọ̀. Ó rò pé ibẹ̀ la ó ti mọ iyì òun. Ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ọdún mẹ́rin nígbà náà.

Ìyàwó wọ ọkọ̀ lọ sí Challenge ní Ìlọrin, ó gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pọn bùrùkùtù, ó sì ru èérí náà wálé nínú garawa, eṣinṣin ń tẹ̀ lé e. Kò gbé e sórí ọ̀fìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sójú ọ̀nà àwọn ìmàdò, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ láìsí ewu. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mú wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe wọ́n lálejò. Ní ọjọ́ kẹrin ló tó da èyí tó pọ̀ sórí koríko tó bo ọ̀fìn.

Abo kan ló jìn sí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún, tí ìlà ṣì wà lára wọn, ń sáré yí ẹnu ọ̀fìn ká, wọ́n ń ké, òun náà ń dá wọn lóhùn nísàlẹ̀. Gbogbo abúlé jáde wá wòran. Àwọn ọkùnrin ń sọ òkúta lù ú, èmi náà sọ tèmi, ó bà á lójú, wọ́n sì kí mi kú iṣẹ́. Oòrùn ti dé àtàrí, kò tíì kú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ parí rẹ̀, wọ́n bá ní kí ìyàwó lọ. Ó gba kùmọ̀, ó gba orí àkàsọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó máa fi jáde, ẹ̀jẹ̀ ti dé ìgúnpá rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sáré lọ pàdé rẹ̀, mo bá gbá ọmọ náà lápá mú.

“Má fọwọ́ kàn án,” mo wí. “Ó dìgbà tó bá fọwọ́ lẹ́ẹ̀méje, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú erùpẹ̀.”

Ibi wáàsí ni mo ti gbọ́ ọ. Ajá ni àáfà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àti abọ́ tí ajá bá lá. Èmi ni mo gbé òfin náà kúrò lórí abọ́ tí mo gbé e lé ọwọ́ ìyàwó. Nígbà tí àáfà gbọ́, ó pè mí, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, pé bó bá ti fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò, ó ti tán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò délé sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ yẹn ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí. Bí ìyá rẹ̀ bá ti oko ọ̀fìn dé, ọmọ á gbé bùtà omi jáde, á bu erùpẹ̀ sínú igbá, á dúró lókèèrè, á máa kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé èje. Ibẹ̀ ló ti kọ́ iye kíkà. Nígbà tó dé ilé kéú, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà lọ sí ogún, òun máa ń dúró ní èje ni, wọ́n á sì máa fi rẹ́rìn-ín. Bó bá kà á tán, èmi á súnmọ́ ìyá rẹ̀, màá gbóòórùn ọwọ́ náà, màá ní ó ṣì ń rùn. Mo gba ọmọ sí yàrá mi. Mo gba ìdáná rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ sì mọ̀ pé obìnrin tí kò dáná fún ọkọ kò ní nǹkan tí yóò lọ ṣe ní yàrá ọkọ. Ọ̀fìn ń mú ẹran, ẹ̀gẹ́ mi ń ta dáadáa, mo ń sanra. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé Adéwọlé ní Ìlọrin, tí wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́ ará ìlú ìyàwó, ló ń fi ọkọ̀ wá gbé òkú ìmàdò náà lọ jẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá, tí wọ́n fi èdè ìlú wọn kí i, nìkan ni mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Mo máa ń pa á lówe fún àwọn ará ilé pé ìmàdò ì bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a bàlú jẹ́.

Ó tó ọdún méjì tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo lọ ra ọṣẹ ní àdúgbò Post Office ní Ìlọrin lọ́jọ́ kan. Kí n tó dé, ìyàwó ti gúnyán, ó ti se ọbẹ̀ ilá. Ọkọ wa àti ọmọ ti jókòó tì í. Mo gbé ọbẹ̀ náà, mo dà á fún àwọn adìẹ. Mo bi ọkọ wa bóyá ó fẹ́ kí ìrun òun máa bọ́ sílẹ̀ lásán ni. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn nínú iyán. Ọbẹ̀ tó wà nílẹ̀ ló ń wò, kò wo ìyàwó rẹ̀.

“Ìyálé mi,” ìyàwó wí, “ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ fẹ́ kí n fọ̀ ọ́?”

“Máa fọ̀ ọ́ ná,” mo dá a lóhùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó di ẹrù rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bẹ ọkọ wa pé kó jẹ́ kóun mú ọmọ òun dání, ọkọ wa kọ̀, nítorí mo ti sọ fún un pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọn yóò máa fún ọmọ náà jẹ lọ́hùn-ún. Ó na ọwọ́ sí ọmọ náà kó fi kí i pé ó dàbọ̀. Ọmọ kó ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn, bí mo ṣe kọ́ ọ. Inú mi dùn nígbà náà.

Ọ̀fìn kò mú nǹkan mọ́ lẹ́yìn tó lọ. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, ìmàdò padà wá sórí ẹ̀gẹ́ mi. Mo bẹ àwọn ọkùnrin, wọ́n ní iṣẹ́ ilé wa ni. Mo bẹ ọkọ mi. Kò gbé ojú sókè níbi tó ti ń pọ́n àdá.

“Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́,” ó wí.

Èmi náà wọ ọkọ̀ lọ sí Challenge. Èmi náà ru èérí wálé, eṣinṣin ń tẹ̀ lé mi. Mo wọ́n ọn fún ọjọ́ mẹ́ta bó ṣe máa ń ṣe é, ní ọjọ́ kẹrin akọ kan jìn sí i, wọ́n sì ní kí n gba kùmọ̀. Mi ò ní sọ bí mo ṣe pa á. Ó pẹ́.

Wọ́n ti kírun àsárì tán nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Fúnra rẹ̀ ló gbé bùtà jáde, ó bu erùpẹ̀ sínú igbá, ó gbé e kalẹ̀ fún mi, ó sì lọ dúró lókèèrè níbi tó máa ń dúró sí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀ rárá. Ó ń kà á, mo ń fọ̀ ọ́: ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tó dé èje, mo na ọwọ́ sí i pé kó wá ká lọ jẹun, mo ti se oúnjẹ sílẹ̀ láàárọ̀.

“Ẹ má fọwọ́ kàn mí, Ìyá Àgbà.”

Mo ní ṣé kò pé méje ni.

“Ó pé. Ti Màámi náà máa ń pé.”

Ó kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó gba ilé kejì lọ wá oúnjẹ jẹ. Mo tún bu omi, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹjọ. Kò sẹ́ni tó kà á.