Bí Ìsọ̀ Ìlẹ̀kẹ̀ Mi Ṣe Dé Ojú Ewé Àkọ́kọ́

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mo ra kíréètì ẹyin kan lọ́wọ́ obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní Ẹnuwá, níwájú ààfin Ifẹ̀. Mo ná an títí, kò gbà. Ó ní oúnjẹ ni àwọn adìẹ náà ń jẹ, pé wọn kì í mu afẹ́fẹ́ yé ẹyin. Mo sanwó, mo fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀, mo gbé ẹyin lọ sílé. Àlejò pàtàkì ń bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan ni, ó ní òun máa gbé ìsọ̀ mi dé ipò kìíní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni mo ń tà. Mo ń sín in fún ọmọ tuntun, mo ń sín in fún ìyàwó tí wọ́n fẹ́ gbé, mo sì ń sín in fún àwọn tí kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, èmi náà kì í béèrè. Nígbà kan, àwọn ọmọbìnrin yunifásítì máa ń kún inú takisí wá bá mi. Wọ́n á dúró níwájú ìsọ̀, wọ́n á máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, èmi á fi ọ̀rọ̀ gún wọn díẹ̀, wọ́n á ra méjì dípò ẹyọ kan. Ní báyìí, fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi. Ohun tí fóònù bá sì fi hàn wọ́n ni wọ́n ń rà.

Ìyàwó ọmọ mi, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní yunifásítì, ti bá mi ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì. Ó ya àwòrán ìlẹ̀kẹ̀ sí i, ó kọ "Ẹ káàbọ̀", ó fi nọ́ńbà mi sí ìsàlẹ̀. A jókòó, a ń retí. Ẹnikẹ́ni kò káàbọ̀. Ẹ̀rọ tí gbogbo ayé fi ń wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, tí èmi ń pè ní Awárí, a tẹ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí sí i. Ó kó àwọn ará Èkó jáde, ó kó àwọn ará Gánà jáde, ó tún yọ òyìnbó obìnrin kan tó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí lórí ṣòkòtò. A ṣí ewé kejì, a ṣí ẹ̀kẹta, a kò rí ara wa. Èmi tí mo jókòó sí iwájú ààfin láti ìgbà tí eyín mi ti pé!

Ohun tó jẹ́ kí n din ẹyin fún ọ̀gbẹ́ni náà nìyẹn. Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún náírà ló ní kí n mú wá. Owó náà wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́ fi ra ìlẹ̀kẹ̀ tuntun de oṣù Kejìlá tí ìgbéyàwó máa ń pọ̀. Bí mo bá kó o fún un tí ọ̀rọ̀ kò sì rí bí ó ṣe wí, àtẹ òfìfo ni màá jókòó tì títí ọdún á fi parí.

Ó jẹ ẹyin náà tán, ó fi búrẹ́dì nu àwo títí àwo fi ń dán, ó wá ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ka ohun tó máa kọ sójú ewé wa fún mi: ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí Ifẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tó dára jù, wá ra ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí kò wọ́n. Inú mi dùn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀kọ ni mo ń kiri láàárọ̀, bí mo sì ṣe ń pè é nìyẹn, mo máa ń pe ẹ̀kọ títí àwọn tó ń sùn á fi jí wá rà á kí n lè dákẹ́. Mo ní ọkùnrin yìí mọ ọjà. Ó tún ní òun máa fi lẹ́tà funfun kọ òmíràn sórí ibi funfun, kí ojú ènìyàn má rí i, kí Awárí nìkan rí i. Ó ní òun á sì sanwó fún àwọn wẹ́ẹ̀bùsáìtì mìíràn kí wọ́n máa tọ́ka sí wa. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Mo din ẹyin mìíràn fún un.

Ìyàwó ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìgbà tí ọkùnrin náà lọ tán ló kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san owó yẹn. Àwọn tó ni ẹ̀rọ náà fúnra wọn ti kọ ìtọ́sọ́nà síta, bí wọ́n ṣe fẹ́ kí èèyàn tún wẹ́ẹ̀bùsáìtì rẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín."

Mo bi í léèrè pé èló ni wọ́n ń tà á. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Mo ní ẹni tó bá ń pín àṣírí ọjà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọmọ náà, mo sì mọ̀ pé bí ó bá kúnlẹ̀ báyẹn, kì í tètè dìde.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé àpótí ìjókòó wá sí ìsọ̀. Èmi ń sín ìlẹ̀kẹ̀, òun ń ka gẹ̀ẹ́sì, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún mi. Ibì kan wà tó fò, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nìyẹn. Mo ní kó máa fò ó lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ dá ọwọ́ mi dúró ni pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, ní gbangba, pé kò sí àṣírí kankan tó lè sọ ènìyàn di ẹni àkọ́kọ́. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ipò kìíní, kí a sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá ń ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ sanwó ìpolówó lè san án, àyè ìpolówó wà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti gbé e sókè nínú àwọn yòókù. Mo ní kó tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà. Mo ti pẹ́ lọ́jà, n kò tíì rí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà kọjá tí yóò sọ pé òun kò gba rìbá, tí yóò tún kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè fi mú òun.

Lẹ́tà funfun tí ọ̀gbẹ́ni fẹ́ kọ náà, ó wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ ti àwọn tí ń sanwó kí wẹ́ẹ̀bùsáìtì mìíràn lè tọ́ka sí wọn náà. Gbogbo ọgbọ́n tí ọkùnrin yẹn fi jẹ ẹyin mi pátá ló wà lábẹ́ àwọn ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti orúkọ ọjà tí a ń pè léraléra. Wọ́n ní ó ń sú ẹni tó ń kà á, àti pé ó lòdì sí òfin àwọn. Mo kọ́kọ́ bá wọn jiyàn, mo ní wọn kò kiri ẹ̀kọ rí. Ṣùgbọ́n mo rò ó wò. Ẹni tó wà nínú ilé tí kò rí mi ni mo ń pariwo ẹ̀kọ sí. Bí ó bá ti jáde, tó dúró níwájú mi, bí mo bá tún ń pariwo "ẹ̀kọ, ẹ̀kọ" sí i lójú, yóò rò pé orí mi ti dàrú. Ẹni tó bá ti dé ojú ewé wa ti jáde nílé ná. Ìdáhùn ló ń wá. Ohun tí wọ́n sì ní kí a ṣe nìyẹn: kí a kọ ohun tó wúlò fún ènìyàn, láti ọwọ́ ẹni tó mọ nǹkan náà, pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń wá a yóò lò. Kí a sọ ohun tó wà nínú àwòrán. Kí a wá ní sùúrù, nítorí ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè tó oṣù, ó sì lè má rí bí a ṣe fẹ́.

"Wọ́n ní ó lè má rí bí a ṣe fẹ́?" ni mo bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àwọn wọ̀nyí ni kí n máa bá ná ọjà."

Ọ̀gbẹ́ni náà padà wá gba owó rẹ̀. Mo kí i dáadáa. Mo ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní.

"Ọmọ mi, bí èmi àti oníìlẹ̀kẹ̀ kan ní Èkó bá jọ sanwó fún ọ, ta ni nínú wa tó máa ṣe kìíní?"

"Mọ́mì, a kì í gba oníbàárà méjì lórí ọjà kan."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé ìwọ nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí ní gbogbo Nàìjíríà?"

Ó wò mí, ó wo ìyàwó mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó dá mi lóhùn pé mo ti lọ kàwé. Mo ní wọ́n kà á fún mi ni. Kò bínú, ó wulẹ̀ béèrè bóyá ẹyin ṣì kù. Mo ní adìẹ ń sinmi.

Mo fi ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún mi ra ìlẹ̀kẹ̀. Ìyàwó mi wá ń jókòó sí ìsọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó ń kọ ohun tí oníbàárà bá bi mí àti ohun tí mo bá fi dá wọn lóhùn. Mo ní kó yọ èébú kúrò. Ó ní èébú yẹn gan-an ni kò sí lọ́dọ̀ àwọn ará Èkó. Bí ó ṣe kọ ọ́ sójú ewé nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá a lè fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ̀, a ní bí ó bá jẹ́ òwú ọ̀rá, kó wẹ̀ títí omi á fi tán nílé. Bí ó bá jẹ́ òwú lásán, yóò rà, yóò já sáàárín ọjà, òun náà ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ ṣà á. Ẹni tó bá ń béèrè bí wọ́n ṣe ń wọn ìdí, a ní kó má fa ikùn sínú, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ kò ní bá a fà á.

Iye owó nìkan la jà lé lórí. Èmi kò lè kọ iye ọjà síta kí n wá jókòó bí ẹni tí wọ́n ti ná tán. Ó ní ẹni tó wà ní ìlú mìíràn kò lè rí ojú mi ná ọjà, yóò kàn kọjá lọ ni. A parí rẹ̀ báyìí: mo kọ iye owó, mo bu díẹ̀ lé e nítorí àwọn tó máa ná an, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé èènì wà.

Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Mo ń fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Awárí ti sọnù. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, obìnrin kan pè mí láti Àkúrẹ́. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ń rín. Ó ní ọmọ òun fẹ́ lọ sílé ọkọ, òun ń wá bí wọ́n ṣe ń wọn ìdí, òun wá kan ibi tí wọ́n ti ní kí òun má fa ikùn sínú, bẹ́ẹ̀ òun sì ti fà á.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, mà?"

"Èmi ni mo sọ ọ́. Ṣé o ti tú u sílẹ̀ báyìí?"

Pupa àti funfun ló ń fẹ́. Wọ́n wà nínú àwọn tuntun tí mo rà. Ó ná an lórí fóònù títí tí inú mi fi dùn, ó tún gba èènì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ìyàwó mi tẹ ìbéèrè yẹn fún mi lórí fóònù rẹ̀. A kò ṣe kìíní. Ẹni kẹfà ni wá lójú ewé àkọ́kọ́, àwọn ará Èkó kan wà lókè wa, ṣùgbọ́n òyìnbó oníṣòkòtò wà nísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi fún un.

Mo yọ owó ìlẹ̀kẹ̀, mo yọ owó òwú àti owó mọ́tò tó gbé e lọ sí Àkúrẹ́, èrè mi jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà. Mo yọ owó kíréètì ẹyin náà. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.