Ta Ló Ń Gúnyán fún Ọkọ Mi?

Lọ́dọ̀ tiwa ní Èkìtì, bí ọkùnrin bá jẹ iyán tán tó sì tòògbé sórí àga, kò sẹ́ni tí í bèèrè pé kí ló ṣe é. Ìyàwó rẹ̀ là ń kí. Wọ́n á ní iyán náà kúnná, wọ́n á ní ọwọ́ ìyàwó yìí dára. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kí èmi náà bẹ́ẹ̀, tí mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, títí ìkíni náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mí lóminú.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkọ mi. Èmi, olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nínú Adó. Ọkùnrin tó ń jí kí àkùkọ tó kọ ni mo fẹ́. Nígbà tó yá, ó di ẹni tó ń sùn lórí ìkúnlẹ̀. Bí a bá ń gbàdúrà òwúrọ̀, kí n tó ṣe àmín, orí rẹ̀ á ti wà lórí tìmùtìmù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìgúnpá ni mo fi ń jí i bí ìwàásù bá ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní oríta Fájuyì, ọ̀nà ti là fún wa, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè ọkọ̀, ọkọ mi gbá sítíárìn mú, ó ń sùn. Ọlọ́kadà kan yọjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, uyán ti ń ṣiṣẹ́ o!" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí a kò jẹ iyán lọ́jọ́ náà. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà la jẹ.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ìyá tó bí mi kì í ra epo láìtọ́ ọ wò, kì í sì í fọkàn tán ẹni tó bá rẹ́rìn-ín jù. Ó kọ́ mi pé ìfura loògùn àgbà, mo sì ti ń lo oògùn náà láti kékeré, n kò dúró dìgbà tí mo dàgbà. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Mo gbé odó sẹ́yìn ilé, mo fi àpò bò ó, mo ní èjìká ń dùn mí. Ìrẹsì, ẹ̀kọ, ẹ̀wà ni mò ń sè. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, oorun ọkọ mi kò dín. Ṣe ló tún ń sanra sí i. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yé mi, tàbí mo rò pé ó yé mi. Bí n kò bá gúnyán fún un, tó sì ń tòògbé bí ẹni tó jẹ ẹ́, a jẹ́ pé obìnrin kan wà níbì kan tó ń gún un fún un.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Obìnrin Èkìtì wo ló máa gbọ́ pé ọkọ òun ń jẹ iyán níta, tó máa ní oúnjẹ lásán ni? Àti pé láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti lọ sí yunifásítì, ọkọ mi ti kó lọ sí yàrá wọn. Ó ní ìhanrun òun kò ní jẹ́ kí n sùn, pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ sùn dáadáa. Ẹ gbọ́ àánú! Láti ìgbà wo ni ọkùnrin ti ń fi ibùsùn sílẹ̀ nítorí àánú?

Ní Sátidé kan tí a lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìjàn, ó ti sùn sórí àga kí ìyá tó bu omi fún wa tán. Mo jókòó ti ìyá ọkọ mi níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní, "Màmá, ẹ ò rí bí ọmọ yín ṣe ń sùn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, àjogúnbá ni. Bàbá rẹ̀ náà, bó bá jẹ uyán tán, gbogbo ulé á máa gbọ́ ìhanrun rẹ̀. Oorun ayọ̀ ni. Ojú oorun náà ló gbà lọ. Kò ṣàìsàn, kò jẹ̀rora. Ta ló rí irú ikú bẹ́ẹ̀ gbà?"

Mo mọ ìtàn náà. Níbi ìsìnkú bàbá, ṣe la dúpẹ́ lórí rẹ̀. Ojú ìyá ni mò ń wò, bóyá ó mọ obìnrin náà, bóyá òun ló tilẹ̀ ń fún un ní iṣu. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Mo wo ọmọ rẹ̀ lórí àga, n kò sì mọ èwo ni í ṣe nínú méjèèjì.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ló wá tú àṣírí. Ó ní òun máa ń rí ọkọ̀ ọkọ mi lọ́sàn-án ní àdúgbò Adébáyọ̀, lẹ́yìn ilé oúnjẹ kan. Mo ní ṣé iyán ni wọ́n ń tà níbẹ̀? Ó ní iyán ni. Ara mi gbóná. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo sì ń to èébú jọ lẹ́nu bí ẹni ń to igi ìdáná.

Mo wọ ilé oúnjẹ náà, mo wo tábìlì kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi kò sí níbẹ̀. Ìyá tó ń bu ọbẹ̀ bi mí pé kí ni màá jẹ. Mo wò ó látòkè délẹ̀. Mo gba ẹ̀yìn jáde. Ọkọ̀ náà rèé lábẹ́ igi máńgòrò, gíláàsì rẹ̀ wálẹ̀ dé ìdajì. Ọkọ mi nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó ti tú táì ọrùn rẹ̀, ó ti dá àga sẹ́yìn, ó ń hanrun. Kò sí obìnrin, kò sí abọ́ iyán.

Inú bí mi pé n kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbọ́wọ́ sókè láti gbá ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni ìhanrun náà dákẹ́. Mo rò pé ó ti gbọ́ ìró mi, pé ó ń ṣe apirọrọ. Mo tẹjú mọ́ ọn. Àyà rẹ̀ ń jà, ikùn rẹ̀ ń jà, ṣùgbọ́n èémí kò wọlé, èémí kò jáde. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú kànga, ó yí orí, ìhanrun tún bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́, ó tún dákẹ́. Ìdákẹ́ yìí ló mú mi rántí Ìjàn, àti bàbá tó gba ojú oorun lọ, àti ọpẹ́ tí a dá. Ẹ̀rù bà mí, irú èyí tí kò bà mí rí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lu orí ọkọ̀. "Bàbá àwọn ọmọ! Ẹ mí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí!"

Ó ta jí, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò tilẹ̀ bi mí pé kí ni mo wá ṣe níbẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ," ó ní, "ó ti rẹ̀ mí. Mò ń sùn mọ́jú, mò ń jí bí ẹni tí ò sùn, orí á máa fọ́ mi. Mo ti sùn níwájú ọ̀gá mi níbi ìpàdé. Ibí ni mò ń sá wá kí wọ́n má baà rí mi." Ó dá àga padà síwájú. "Ọjọ́ tí ọkọ̀ wọ igbó lọ́nà Ìjàn, tí mo ní ewúrẹ́ ni mo yà fún, kò sí ewúrẹ́ kankan."

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kò bi í léèrè ohun tó ń jẹ. Èmi ló kọjú sí. "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń sùn tì wọ́n?" Mo ní ọkọ mi ti kó lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Dókítà ṣàlàyé pé bí irú wọn bá ti sùn, ọ̀nà ọ̀fun á dí, èémí á há, ara á ta wọ́n jí díẹ̀ kí wọ́n lè mí, bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, àwọn fúnra wọn kò sì ní mọ̀. Ẹni tó bá sùn tì wọ́n ló máa mọ̀. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń hanrun ló ní in, ṣùgbọ́n ìhanrun tó bá ń já lágbede méjì, àìsàn ni, ó sì lè ṣe ọkàn ní jàǹbá. Ó ní kó má wa ọkọ̀ ná, kó dín ara kù, kó máa fẹ̀gbẹ́ sùn, pé ẹ̀rọ kan wà tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀fun bí èèyàn bá ń sùn. Mo fura pé ẹ̀rọ ló fẹ́ tà fún wa. Mo bi í léèrè títí ó fi bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an ni mo gbé ìrọ̀rí ọkọ mi padà sí yàrá wa. Bó bá dákẹ́, màá tì í. N kò tọrọ àforíjì fún ìfura mi. Bí n kò bá fura, ǹ bá ti di opó.

Ọkọ̀ èrò la wọ̀ nígbà tí a tún lọ sí Ìjàn. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọkọ mi, ìhanrun náà, ìdákẹ́ náà, ọ̀fun tó ń dí. Mo rò pé ó máa bá mi jiyàn. Ó rọra gbé abọ́ ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Ìyàwó mi," ó ní, "bàbá rẹ̀ dákẹ́ lóru ọjọ́ náà. Mo gbọ́. Mo ní Olúwa, mo dúpẹ́, màá lè rí oorun sùn wàyí. Mo yí ẹ̀gbẹ́ padà." Ó di ọwọ́ mi mú. "Ṣé ká ní mo tì í ni, ì bá tún mí?"

Ọkọ mi ń wò mí láti orí àga. Èmi tí n kò gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́, mo wo ojú ìyá arúgbó náà kòró.

"Rárá o, Màmá," mo ní. "Ti Bàbá yàtọ̀. Uyán ni."

Ìyá kàn ń wò mí, bí èmi náà ṣe máa ń wo èèyàn.