Ọkọ̀ Ẹlẹ́ni-Méjì Tí Bàbá Mi Tà

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, nínú ilé tí a háyà ní Sùúrùlérè, bàbá mi ní ọkọ̀ kan tí àdúgbò mọ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ bàbá mi fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín, torí ẹ lè má rí irú rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ pupa ni, ó kúrú, ó fi àyà sún mọ́lẹ̀ bí alángbá tó ń yá oòrùn. Imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ kéré, tapólì dúdú ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, èèyàn sì lè ká a sẹ́yìn tí òjò kò bá rọ̀. Irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń sáré ni. Akọ̀wé ni bàbá mi ní èbúté Àpápá. Ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó ló tà á fún un nígbà tó ń padà sí ìlú wọn, ó sì ti gbó díẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wa. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tó bá ń jẹun, ojú fèrèsé ló máa ń kọjú sí, kó lè máa wò ó.

Àga méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí ìyàwó méjì ni bàbá mi ní.

Ìyá mi ni ìyáálé. Àǹtí ni àwa ọmọ ń pe ìyàwó kejì. Àwọn méjèèjì pín ọ̀sẹ̀ láàárín ara wọn: ẹni tí ọ̀sẹ̀ bá kàn ló ń dáná fún bàbá, òun náà ló sì ń bá a jáde. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, bàbá mi máa ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní Òtò, ẹni tó ni ọ̀sẹ̀ ni yóò jókòó tì í nínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe là á kalẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì jà sí i.

Nǹkan kan wá tún dá kún un. Láti ìgbà tí a ṣì ń gba ọwọ́ òsì títì ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ yẹn, apá ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, bàbá mi tó ń wà á wá di ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ra gọ́tà, obìnrin tó jókòó tì í ló wá bọ́ sí àárín títì, níbi tí gbogbo ayé ti ń wò ó. Fọ́kànáísà tó ń lẹ táyà ní ìkángun àdúgbò wa kì í jẹ́ kí wọ́n kọjá lásán.

"Alàgbà, ẹ kú ìgbádùn o! A ti rí ẹni tó dáná lánàá!"

Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á fọn fèrè ọkọ̀.

Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni mo ń nu ọkọ̀ náà láràárọ̀ Sátidé. Ní ọ̀sẹ̀ kan tó jẹ́ ti ìyá mi, mo wá àkísà títí, n kò rí. Bàbá mi ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Ni mo bá na ọwọ́ sí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, mo fa síkáàfù kan tó rọ̀ dáadáa, mo fi nu àga, mo fi nu gíláàsì. Ti Àǹtí ni. Mo mọ̀ pé ti Àǹtí ni. Nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo ti síkáàfù náà bọ abẹ́ àga, mo ní tó bá yá n ó fọ̀ ọ́, n ó dá a padà sórí okùn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi pè mí sí bọ́ọ̀lù. Mo gbàgbé.

Lọ́jọ́ kejì, bí bàbá àti ìyá mi ṣe ń bọ̀ láti Òtò, bàbá tẹ bírékì lójijì, síkáàfù yọ orí lábẹ́ àga. Ìyá mi kò bọ́ bàtà tó fi dúró ní àárín àgbàlá wa.

"Ìyàwó! Kí ni aṣọ orí rẹ ń wá nínú ọ̀sẹ̀ mi?"

Àǹtí jáde, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Háà, Màmá, mo ti ń wá a láti àná. Ta ló bá mi rí i?"

"Ẹ gbọ́! Ó ní ta ló rí i. Abẹ́ ìdí mi ni mo ti rí i. Bóyá aṣọ náà ló fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀."

"Màmá, mo fi oyún inú mi yìí búra, n ò wọ ọkọ̀ yẹn lọ́sẹ̀ yìí."

Bàbá mi ní, "N ò gbé e. Mo ní n ò gbé e!"

"Ẹ̀yin bàbá wọn, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Láti ibí dé Òtò ni mo jókòó sí àárín títì bí òmùgọ̀, tí àwọn tó mọ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, bọ́ọ̀lù wà láyà mi. Èmi ni mo mú un: gbólóhùn yẹn péré ló kù. Lọ́jọ́ náà, ìgbátí méjì ni ìbá parí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ti le ju ìgbátí lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ìyá mi ti di ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ìkòkò kò sì sí lórí iná ẹnikẹ́ni. Ibo ni n ó ti wá bẹ̀rẹ̀?

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé Pápá Àjàó. Ó jókòó ní pálọ̀, ó gbọ́ ti ìyá mi, ó gbọ́ ti Àǹtí, ó kọjú sí Àǹtí.

"Ìyàwó, mo gbọ́ gbogbo ohun tí o wí. Ṣùgbọ́n ìyáálé rẹ ni. Bí o ṣe é, bí o ò ṣe é, kúnlẹ̀, bẹ̀ ẹ́, kí ilé tòrò."

Bí a ṣe ń parí ìjà nílé wa nìyẹn: ẹni tó kéré ló ń bẹ̀bẹ̀. Àǹtí wo bàbá mi, bàbá mi wo ilẹ̀. Àǹtí di apá àga mú, ó rọra sọ̀kalẹ̀ sórí eékún pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ. "Màmá, ẹ forí jì mí. N ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ìyá mi bú sẹ́kún, ó fà á dìde.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ náà! Ìyàwó méjì, àga kan! Ṣé orí itan rẹ ni ìkejì ó jókòó sí ni? Tà á."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ṣe nǹkan kan."

"Mo ní kí o tà á. Ra èyí tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin."

Bàbá mi wo ọkọ̀ náà láti ojú fèrèsé. "Mo ti gbọ́, sà."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Sábó ló rà á. Lọ́jọ́ tí bàbá fẹ́ lọ fà á lé e lọ́wọ́, kò pe ìyàwó kankan. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní kí n wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń lá àlá pé èmi ni n ó jókòó sí àga yẹn gba ti Ojúẹlẹ́gba kọjá. Àwọn ọmọdé ń hó tẹ̀lé wa. Ọkọ̀ náà há débi pé èjìká mi ń kan apá bàbá nígbàkígbà tó bá yí sítíárì, kò sí ibi tí mo lè sún sí. Nígbà tí a sún mọ́ Yábàá, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Mo tilẹ̀ ti ń rò ó pé bóyá mo gbé e, tí mo gbàgbé." Lẹ́yìn náà ló wò mí. "Ìwọ tó ń nù ún, o ò rí nǹkan kan?"

"Rárá, sà."

Ó mi orí. Ní Sábó, ó fi bí wọ́n ṣe ń ká tapólì han ẹni tó rà á, ó tún padà lọ ká a fúnra rẹ̀, ó ní ọmọ náà kò ká a dáadáa. Bọ́ọ̀sì la wọ̀ bọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀sì bá fẹ́ dúró, mo ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tẹ bírékì tí kò sí níbẹ̀.

Ó ra ọkọ̀ ilẹ̀kùn mẹ́rin lóòótọ́. Àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì máa ń jókòó sẹ́yìn, wọ́n á máa tàkùrọ̀sọ. Kò pe ẹnikẹ́ni wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú mọ́ títí tó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni mo lọ bá Àǹtí. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ láti orí okùn aṣọ dé abẹ́ àga. Ó gbé àtẹ sílẹ̀.

"Ìwọ?" Ó wò mí títí. "Oyún àbúrò rẹ ni mo fi kúnlẹ̀ ọjọ́ náà."

Mo ní mo fẹ́ lọ sọ fún ìyá mi lójú ẹsẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Má sọ fún un. Ọjọ́ tí mo bẹ̀ ẹ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn mi. Ó ní ẹni tó lè jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọlúàbí ni. Nínú àwo kan la ti ń jẹun báyìí. Kí lo fẹ́ kí ó fi òótọ́ ṣe?"

Ayé ti yí láti ìgbà yẹn. Ìyàwó kan ni ọ̀pọ̀ àwa tí a jọ dàgbà ń fẹ́, àwọn ọmọ òde òní sì ń dá sí ọ̀rọ̀ àgbà: wọ́n á ní, "Dádì, èmi ni mo mú un," ẹ̀rín á sì parí ìjà. Wọ́n kọ́ àwa pé ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà bá ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ dáadáa ni. Kí n má parọ́ fún yín, èmi kàn fi bojú ni. Ẹ̀rù ló dí mi lẹ́nu. Ní báyìí tí n ò bẹ̀rù mọ́, Àǹtí ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Tí àlejò bá wá kí ìyá mi, ó fẹ́ràn láti máa ròyìn bí Àǹtí ṣe jẹ́wọ́ fún òun lórí eékún. Tó bá dé ibẹ̀, Àǹtí á wò mí lẹ́ẹ̀kan, àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín, èmi náà á sì bá wọn rín in.