Ọ̀nà Omi sí Àjàṣẹ́

Òórùn òróró àgbọn ló máa ń jí mi láràárọ̀ Sátidé nílé wa ní Fẹ́sítàkì. Ìyá tó bí màmá mi ló ń fi í ránṣẹ́ láti Àjàṣẹ́, lọ́hùn-ún lẹ́yìn bodè. Ìyá Àjàṣẹ́ ni gbogbo wa ń pè é. Awakọ̀ kan á gbé ìgò náà sílẹ̀ fún wa ní Alákijà, Mọ́mì á fi pa irun mi, á sì máa fi Yorùbá ilé wọn kọrin, èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń ṣe wá ní yẹ̀yẹ́. Mo máa ń tijú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi náà ẹ rántí bí a ṣe máa ń tijú ìyá wa nígbà yẹn.

Dádì ní tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan tí wọ́n ti ń ya máàpù. Ó lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri pálọ̀, ó sì fẹ́ràn kó máa fi ìka tọ bodè náà fún mi títí dé etí òkun. "Ibi tí Ọlọ́run bá fi ilẹ̀ ẹni sí ló ń yan ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá fúnni," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Mọ́mì á ní, "Ṣé wọ́n bi ìyá mi léèrè kí wọ́n tó fa bodè yẹn?" Dádì á rẹ́rìn-ín. Ti Dádì ni mo gbà gbọ́, torí ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sórí ìwé, òótọ́ ni lójú mi.

Lọ́dún tí mo pé mẹ́wàá, ìjọba ti bodè. Ìrẹsì gbówó lórí, ìgò òróró ò dé mọ́. Nígbà tó yá, ẹnì kan tó gba ojú omi wá jíṣẹ́ fún wa pé Ìyá Àjàṣẹ́ ti dùbúlẹ̀ àìsàn, kò sì jọ pé yóò dìde.

Nílé wọn, àkọ́bí obìnrin ló ń wẹ òkú ìyá rẹ̀. Bí ẹlòmíì bá wẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní bí ẹni tí kò bímọ ló ṣe lọ. Mọ́mì sì ni àkọ́bí. Dádì ní kó ṣe sùúrù, òun á kọ̀wé kí wọ́n fún un láyè láti kọjá. "Ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba ò gbọdọ̀ gba ọ̀nà fàyàwọ́. Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi." Kò parọ́. Ilé tí à ń gbé gan-an, ìjọba ló ni ín.

Lẹ́tà náà ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn. Mọ́mì bá lọ bá Àǹtí Ràfátù, ẹlẹ́ja kan ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá tí àwọn ará ilé rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi. Níṣojú èmi Bísí ló ti sọ ọ́: "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Bísí. Omi ẹ̀yìn ilé wa yìí, ó já sí Àjàṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi á gbé yín lọ láàárọ̀ Ọjọ́rú."

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọ́n á mú Mọ́mì bí wọ́n ṣe ń mú oníìrẹsì lójú ọ̀nà, tàbí kí omi gbé e lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí Dádì ṣe ń bọ́ bàtà, mo ní, "Dádì, Mọ́mì fẹ́ gba ojú omi lọ." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Kò pariwo. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Mọ́mì jáde pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó wò ó, ó sì gbé ẹrù náà sílẹ̀. Ìyá Àjàṣẹ́ kú lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wọn ló wẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà ìyọ̀ǹda dé nígbà tí wọ́n ti sin ín tán.

Mọ́mì ní Àǹtí Ràfátù ló tú àṣírí òun. Ó lọ bá a nídìí ẹja rẹ̀, ó bú u lójú àwọn oníbàárà. Àǹtí Ràfátù búra, ó sunkún. Mo dúró tì wọ́n, mi ò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, wọn ò kí ara wọn mọ́.

Tíṣà jọ́gíráfì ni mí báyìí, ní Àmùwò. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ bí odò àti òkè ṣe ń sọ orílẹ̀-èdè di ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá, mo sì mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa. Dádì ti kú láìdárúkọ ẹni tó sọ fún un. Lọ́dún tó kọjá, Àǹtí Ràfátù náà kú. Mo bi Mọ́mì bóyá ká lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

"Ẹni tí kò jẹ́ kí n wẹ ìyá mi?" ó ní. "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbi òkú rẹ̀?"

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ẹnu mi ò lè dákẹ́. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Mo bu omi fún un, mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì."